Windows tàbí Linux? Ẹ mú ìwé àti bíírò wá ná

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tẹ́nì kan kì í yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsánlú láti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìyá Tólú, kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ rà yìí, ṣé Windows ni kí wọ́n fi sí i àbí Linux? Èwo ni kì í dákú? Èwo ni fáírọ́ọ̀sì ò lè wọ̀?" Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo máa ń fèsì, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ní báyìí, ìwé ni mo máa ń fà yọ lábẹ́ káńtà. Ìwé olójú-ewé ọgọ́ta lásán ni, irú èyí táwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, epo àkàrà ti ta sí iwájú rẹ̀, àmọ́ ohun tí mo kọ síbẹ̀ ti gbà mí lọ́wọ́ iyàn tí kò lérè. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè kọ tiyín, ni mo fẹ́ sọ.

Fún ẹni tọ́rọ̀ náà ò tíì yé: operating system ni ètò àgbà tó máa ń jí tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín iṣẹ́ fáwọn ètò yòókù, òun náà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ẹni tó fẹ́ wọlé àtẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì. Windows ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Apple ní macOS tiẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí, torí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n tíì gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìgbà méjèèjì náà sì jẹ́ pé wáyà ló bà jẹ́. Linux ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà bí Debian, Ubuntu àti Linux Mint tí èmi ń lò. Àwọn àgbà kan máa ń sọ fún mi pé nǹkan àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Finland, kọ́kọ́ kéde fáráyé pé òun ń ṣe é. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Kogi lára Kwara àti Benue. Ọjọ́ méjì ni Linux fi ṣe ẹ̀gbọ́n ìpínlẹ̀ wa.

Kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ yẹ ara ẹ̀rọ wò

Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ládùúgbò wa, ló kọ́ mi ní èyí láìmọ̀. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá pé ó máa ń gan: ojú rẹ̀ á dúró sójú kan, asin, ìyẹn mouse, ò ní rìn mọ́, àfi kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó fi kú. Mo ní Windows wọn ló ti gbó. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo fi tuntun sí i. Ọjọ́ kẹta, wọ́n padà dé. Mo ní ó yá, kí n bá wọn fi Linux sí i, mo sì fẹnu lérí débi pé mo ní wọn ò tún ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹrin, mo rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "tìrẹ náà ti gan o."

Ojú tì mí. Mo tú ìdí ẹ̀rọ náà. RAM, pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, méjì ló wà níbẹ̀. Mo yọ méjèèjì, mo fi rọ́bà ìpàwé rẹ́jú ibi tó ń dán lára wọn, mo wá ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ò lo ogún ìṣẹ́jú tó fi gan. Pẹ̀lú ìkejì, ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti pa ètò méjì rẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí pátákó kékeré kan ṣẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi èyí wé èyí, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta. Ẹ fi Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, sórí fùláàṣì, ẹ fi tan kọ̀ǹpútà náà, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú bí iná bá gbà. Ìlà pupa kan ṣoṣo tó bá yọ lójú rẹ̀, RAM ti ní àrùn. Lẹ́yìn náà ẹ wo hard disk: lórí Windows, ètò tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo á kọ "Good" tó bá yá gágá, á sì kọ "Caution" pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò tó bá ti ń ṣàìsàn. Lórí Mint, ẹ ṣí ètò tó ń jẹ́ Disks, ẹ yan "SMART Data & Self-Tests". Ẹ̀kẹta ni eruku. Nígbà ọyẹ́, eruku ilẹ̀ wa yìí a máa di ihò fáànù pa bí òwú, ẹ̀rọ tó bá sì gbóná jù á pa ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní Windows ni.

Bí mo ṣe ń kọ ìwé náà

Mo fa ìlà mẹ́rin sójú ewé kan: ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó fà á. Ìlà ìkẹrin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Mo fi ọgbọ̀n ọjọ́ fún Windows 10 lórí kọ̀ǹpútà kan, ọgbọ̀n ọjọ́ fún Mint lórí èkejì rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe: lẹ́tà títẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú, ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbàkígbà tí ọ̀kan bá ṣubú, ọmọ iṣẹ́ mi tàbí èmi á kọ ọ́ kí a tó tún un tàn. Tẹ́ ẹ bá dúró dìrọ̀lẹ́, ẹ máa gbàgbé, ẹ ó sì di ẹ̀bi ru ẹni tẹ́ ò fẹ́ràn tẹ́lẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín nìkan. Ẹ̀rọ náà ń kọ ìwé tiẹ̀. Lórí Windows, ẹ di bọ́tìnnì Windows àti R mú pa pọ̀, ẹ tẹ perfmon /rel, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Àwòrán kan á ṣí tó ń fún ẹ̀rọ yín ní máàkì lójoojúmọ́, láti 1 dé 10, ó sì máa ń fi àmì pupa sí ọjọ́ tí nǹkan bà jẹ́. Ẹ tẹ ọjọ́ náà, ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "Windows was not properly shut down", lọ́pọ̀ ìgbà, iná ló lọ, tàbí ẹnì kan ló fipá pa á. Tó bá jẹ́ iná ni, máàkì á já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyà aláìṣẹ̀ ni Windows ń jẹ.

Lórí Linux, ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ẹ tẹ last -x. Á ka gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà tàn àtìgbà tó kú sílẹ̀ fún yín. Èyí tó bá kọ "crash" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni èyí tí kò rójú dágbére. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń kùn sí i kó tó ṣubú, ẹ tẹ journalctl -b -1 -p err. Ẹ má jáyà tẹ́ ẹ bá rí ìlà púpọ̀ o. Linux a máa ṣàròyé bí ìyá ọkọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń sọ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Lóṣù tí mo ń sọ yìí, Windows ṣubú ní ìgbà mọ́kànlá. Iná ló fa mẹ́jọ. Dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá a sọ̀rọ̀, ló fa méjì. Ìkan tó kù ni pé ó gba update tán, ó sì tún ara rẹ̀ tàn nígbà tí oníbàárà kan jókòó tì mí tí à ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀. Mint ṣubú ní ìgbà mẹ́sàn-án: iná fa méje, mo ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì jù fún RAM 4GB lẹ́ẹ̀kan, ìkẹsàn-án sì jẹ́ àṣẹ tí èmi fúnra mi tẹ̀ ṣì. Mint dúró sàn jù díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà iná nínú méjèèjì. Ẹni tó wà níbi tí iná kì í lọ lè máa fi ọdún kan gbáko wé Windows pẹ̀lú Linux. Níhìn-ín tiwa, ẹ béèrè bó ṣe ń dìde lẹ́yìn tó bá ṣubú.

Ẹ wo ìyálọ́jà tó ń tajà àwìn. Tó bá mọṣẹ́, á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé "Ìyá Dúpẹ́, gàrí kóńgò mẹ́ta" kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gàrí. Bí òjò bá já lójijì tí ọjà tú ká, ìwé á sọ ibi tíṣẹ́ dé fún un. Bẹ́ẹ̀ ni NTFS tí Windows fi ń to fáìlì ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ext4 tí Mint ń lò. Tí iná bá lọ lójijì, wọ́n á ka ìwé náà nígbà tí wọ́n bá jí, wọ́n á sì tún ilé ṣe. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde lẹ́yìn ìgbà tí iná ti já a lulẹ̀ léraléra. Àmọ́ FAT32 àti exFAT tó wà lórí ọ̀pọ̀ fùláàṣì kì í kọ ìwé kankan. Tí iná bá lọ nígbà tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan sórí fùláàṣì, ẹ lè bá fáìlì tó ti di wúruwùru. Ẹ da iṣẹ́ yín kọ sórí kọ̀ǹpútà ná, ẹ ṣe é níbẹ̀, ẹ wá dá a padà tẹ́ ẹ bá ṣe tán.

Ìwé gbèsè yẹn kò sì mọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti tẹ̀ tẹ́ ò tíì fi pamọ́. Word àti LibreOffice, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fi ẹ̀dà pamọ́ bẹ́ ò bá sọ fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ jù ní Ìsánlú. Nínú Word, ẹ lọ sí File, Options, Save. Nínú LibreOffice, ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Tẹ́ ẹ bá lágbára UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ẹ rà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó ń fúnni ti tó láti fi iṣẹ́ pamọ́ kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀rọ bí ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ ààbò

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi oníbàárà ni: ṣé àwọn tó ṣe é ṣì ń tún un ṣe? Ilé tí wọ́n ti pa tì, olè á mọ ihò ara ògiri rẹ̀ kí onílé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ winver, ẹ ó rí èyí tẹ́ ẹ ń lò. Tó bá jẹ́ Windows 7, ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe rẹ̀ ti parí. Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft fi ọdún kan lé e fáwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún un. Windows 11 ṣì ń gbà á, àmọ́ ó ń béèrè RAM 4GB, àyè 64GB àti ohun ààbò kékeré kan nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ TPM 2.0, kò sì gba ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ tó wà lọ́jà wa wọlé. Irú àwọn láptọ́ọ̀pù yẹn ni mo ń fi Mint sí: Mint 22 yóò máa gba àtúnṣe títí di ọdún 2029, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn kan ní dátà ni update ń jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tó dí ihò kan nínú Windows. Ní oṣù Karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé sára kọ̀ǹpútà àwọn tí kò tíì gba àtúnṣe náà, ó ti gbogbo fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n wá san owó ìtúsílẹ̀. Ó dé ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi tí wọ́n fi ń dá àwọn aláìsàn padà. Oṣù méjì ni oògùn ti wà nílẹ̀. Dátà òru ni èmi fi ń gba tèmi.

Èyí tó bí mi nínú jù ni Windows ayédèrú. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan bá mi fi ètò tó ń "jí" Windows, kó lè ṣiṣẹ́ láìsanwó, sí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ pa Defender, ètò ààbò tó bá Windows wá. Mo sì pa á! Olè ní kí n so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, mo lọ wá okùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo fáìlì yí orúkọ padà, kò sí èyí tó ṣí. Ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fọwọ́ kọ ni a tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ látòkèdélẹ̀, alẹ́ mẹ́fà gbáko. Tẹ́ ò bá lè ra Windows, ẹ lo Linux tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má lo èyí tí wọ́n jí.

Ẹ tún wo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Àkáǹtì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí lórí Windows, ti alákòóso ni. Ohun tó bá wọlé nípasẹ̀ rẹ̀ lè dọ̀gá. Ẹ ṣí òmíràn nínú Settings, Accounts, kẹ́ ẹ fi í sí "Standard User", òun ni kẹ́ ẹ máa lò lójoojúmọ́. Ọmọ iṣẹ́ yín ò nílò ju ìyẹn lọ. Lórí Linux, ètò kankan ò lè tún inú ilé tò àfi kẹ́ ẹ tẹ password yín. Password tó bá jẹ́ 1234, ẹ ti ba gbogbo ohun tí mo ń sọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ fùláàṣì wá ńkọ́? Lọ́jọ́ Sátidé kan, akọ̀wé ìjọ kan sáré wọlé, ìwé ètò ìkórè wọn ló fẹ́ tẹ̀ jáde, ọjọ́ kejì ni ìkórè. A ki fùláàṣì rẹ̀ bọ Windows. Fáìlì kan ṣoṣo la rí, ó gbé àmì ọfà kékeré kan sí ìkángun. Obìnrin náà káwọ́ lérí. Mo yọ fùláàṣì náà, mo lọ fi sí Mint tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo fáìlì rẹ̀ tò kalẹ̀ lójú wa: ètò ìkórè, orin, orúkọ àwọn alága, kò sí èyí tó sọnù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì náà fi àmì "ìpamọ́" sára àwọn fáìlì tòótọ́, Windows gbọ́ràn sí àmì náà, ó bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọfà ayédèrú síwájú kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè jí i. Mint ò ka àmì ìpamọ́ yẹn sí, ọfà Windows ò sì lè sáré nínú ilé rẹ̀. Mo da fáìlì rẹ̀ kọ, mo pa ọfà náà rẹ́ pẹ̀lú ohun àjèjì tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì tẹ ìwé náà jáde. Láti ọjọ́ náà, kò sí fùláàṣì àlejò tó ń dé ọ̀dọ̀ Windows mi láì kọ́kọ́ kí Mint.

Ẹ má torí ìyẹn máa pe Linux ní oògùn gbogboǹṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àṣírí tú pé ẹnì kan tó ti fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe bí ọ̀rẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bọ inú ètò kékeré kan tó ń jẹ́ xz, tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò. Andres Freund ló tú u fó, òṣìṣẹ́ Microsoft sì ni. Ó kàn kíyè sí i pé ìwọlé sórí ẹ̀rọ òun fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, àtúnṣe tó ní àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò ààbò, dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró, ọ̀pọ̀ bàálù ò fò, iṣẹ́ àwọn báńkì kan náà dúró. Ètò ààbò ló sì jẹ́ o! Ẹ̀dà fáìlì yín lórí dírẹ́ẹ̀fù míì tẹ́ ẹ yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà ló lè gbà yín nínú méjèèjì.

Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó gbé e mì

Ẹ má pa Windows yín rẹ́ torí pé mo sọ̀rọ̀. Ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus gbé Mint sórí fùláàṣì 8GB, ẹ fi fùláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà. Lórí Dell àti Lenovo, F12 lẹ máa ń tẹ̀ bó ṣe ń jí, lórí HP, F9. Á ṣiṣẹ́ látorí fùláàṣì láì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ wá yẹ ohun tẹ́ ẹ fi ń jẹun wò: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Wi-Fi, ohùn, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tẹ́ ẹ bá ní. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tèmi kọ̀ jálẹ̀. Ètò tó bá a wá, ti Windows nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí Windows 11 fi wà ní yàrá inú fún ìforúkọsílẹ̀, tí Mint sì wà lẹ́nu ọ̀nà fún títẹ̀wé àti àlejò.

Bàbá Tíṣà ń lo Mint títí dòní, pẹ̀lú RAM kan ṣoṣo. Mo ní kí àwọn náà máa kọ ìwé, wọ́n sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú bíírò pupa bí ẹni ń fún ọmọ ní máàkì. Wọ́n gbé e wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n wò ó. Ìgbà mẹ́rin ló kú lóṣù náà. Nínú ìlà ìkẹrin, wọ́n kọ "iná" lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ti ìkẹrin, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà: "Ìyá Bísí ló fa wáyà yọ, ó fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ."